Ìṣàkóso Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìjìnlẹ̀ ní Àkókò Ọbabìnrin Victoria: Ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀n àti Ilẹ̀ Yorùbá

1. Ìfáárà

Nígbà tí òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀, àwọn ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣàwárí ni ó sábà máa ń kà sílẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń yan ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tí ó ń ṣọ́ owó, ẹni tí ó ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà parí ìjà. Èrò tí a gbé bébà yìí kà ni pé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ìlànà ìṣàkóso ẹgbẹ́ wà lára ohun tí ó ń pinnu ohun tí àwùjọ yóò kà sí ìmọ̀ àti ẹni tí àwùjọ yóò pè ní onímọ̀.

Àkókò tí a yàn ni ìgbà ìjọba Ọbabìnrin Victoria, láti 1837 sí 1901, ṣùgbọ́n a ó padà sẹ́yìn díẹ̀ níbi tí ó bá yẹ. A ó kọ́kọ́ wo Royal Society, tí í ṣe àgbà láàrin àwọn ẹgbẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀n. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo Royal Geographical Society, àti ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n jà lórí ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn. A mú àwọn tí ó gbẹ̀yìn yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá àti ti ènìyàn dúdú dé iwájú wọn. Ní ìparí, a ó bojú wo ilé: Èkó ní 1866, àti ìlú Ẹdẹ.

2. Royal Society kí àtúnṣe tó dé

Ní 1660 ni a dá Royal Society sílẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ ọba ní 1662, ó sì tún gba òmíràn ní 1663. Ìwé àṣẹ yìí ni ó la ọ̀nà ìṣàkóso sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 21 ni ó ń darí ẹgbẹ́, Ààrẹ, akápò àti àwọn akọ̀wé sì wà lára wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdọọdún, ẹgbẹ́ a máa pàdé láti dìbò. Ènìyàn 10 gbọ́dọ̀ kúrò nínú Ìgbìmọ̀ kí 10 tuntun lè wọlé. Lójú ìwé, ètò yìí dára: kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó jókòó pẹ́ títí kí àga di tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lójú ìwé yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Joseph Banks jẹ́ Ààrẹ láti 1778 títí di 1820, èyí tí ó lé ní ogójì ọdún. Lákòókò yìí, ẹni tí ó bá ní owó tàbí oyè, tí ó sì ní ọ̀rẹ́ nínú ẹgbẹ́, kò rí ìṣòro púpọ̀ láti wọlé. Nígbà tí ó fi máa di 1830, ọmọ ẹgbẹ́ ti lé ní 600, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí kankan rí. Àwọn ọlọ́lá ń fi orúkọ ẹgbẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ náà sì ń jẹ owó wọn. A kò lè sọ pé ìwà òmùgọ̀ lásán ni èyí: ìjọba kì í fún ẹgbẹ́ ní owó tí yóò fi máa ṣe ètò rẹ̀, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń san ni ó fi ń gbé bùkátà.

Ní 1830, Charles Babbage, onímọ̀ ìṣirò, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi bẹnu àtẹ́ lu àwọn tí ń darí ẹgbẹ́ náà. Ó ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń rẹ̀yìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìdìbò fún ipò Ààrẹ di ìjà gidi. Apá kan fa John Herschel kalẹ̀, ẹni tí gbogbo Yúróòpù mọ̀ nípa ìmọ̀ ìràwọ̀. Apá kejì fa Duke of Sussex kalẹ̀, ẹni tí í ṣe arákùnrin ọba tí ó wà lórí ìtẹ́. Ìbò 119 ni ọmọ ọba náà ní, Herschel ní 111. Ìbò mẹ́jọ péré ni oyè fi borí iṣẹ́ ọwọ́.

Ìtumọ̀ ìbò yìí kò yẹ kí ó fò wá ru. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó dìbò fún ọmọ ọba ni ó kórìíra ìmọ̀. Àwọn kan gbà pé ẹgbẹ́ nílò ẹni tí yóò lè bá ìjọba sọ̀rọ̀, bí ìlú ṣe máa ń wá bàbá ìsàlẹ̀. Àríyànjiyàn náà dá lórí ohun kan: ṣé ẹni tí ó lè dáàbò bo ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ó darí rẹ̀ ni, àbí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ẹgbẹ́?

3. Àtúnṣe 1847 àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Ọdún 17 ni ìdáhùn fi pẹ́. Ní 1847, lábẹ́ ìdarí àwọn bíi William Robert Grove, ẹgbẹ́ yí òfin ìwọlé padà. Láti ìgbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun 15 péré ni wọn yóò máa yàn lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni ìdìbò yóò máa wáyé. Ìgbìmọ̀ ni yóò yẹ orúkọ àwọn tí a dá lábàá wò, tí yóò sì mú 15 síwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́fà tí yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fúnra wọn. Òfin náà ṣì fi ọ̀nà àbùjá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọba àti ìjòyè. Síbẹ̀, láti ọdún dé ọdún, iye ọmọ ẹgbẹ́ ń dín kù, ìpín àwọn tí ń ṣe ìwádìí nínú wọn sì ń pọ̀ sí i.

Ohun méjì ni ó tẹ̀ lé àtúnṣe yìí. Èkíní ni ọ̀rọ̀ owó. Bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 1850, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi £1,000 lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ lọ́dọọdún láti pín fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Ó ṣòro láti rò pé ìjọba yóò gbé irú owó bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi oyè wọ̀. Owó ìlú ń wá ibi tí ó ti lè rí ẹni tí yóò jíhìn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ yíyẹ iṣẹ́ wò. Láti 1752 ni ìgbìmọ̀ kan ti ń dìbò lórí ìwé tí a ó tẹ̀, láì sọ ìdí. Ní nǹkan bí 1832 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni méjì tí ó mọ iṣẹ́ náà kí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀. Nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe báyìí ni iṣẹ́ George Airy lórí ìrìn ayé àti ìràwọ̀ Àgùàlà wà. William Whewell àti John William Lubbock ni a fún kà, àwọn méjèèjì kò sì rí ọ̀rọ̀ náà bákan náà. Whewell fẹ́ kí ìjábọ̀ gbé iṣẹ́ náà ga kí gbogbo ènìyàn lè mọ iyì rẹ̀. Lubbock ń wá àṣìṣe tí ó wà nínú ìṣirò. Kò pẹ́ tí ọ̀nà Lubbock fi borí. Ìjábọ̀ tí wọ́n ti rò pé wọn yóò máa tẹ̀ fún gbogbo ayé kà di ohun ìkọ̀kọ̀, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ sì fara sin.

Ibí yìí ni agbára akọ̀wé ti pọ̀ sí i. George Gabriel Stokes jẹ́ akọ̀wé Royal Society láti 1854 di 1885, ọdún 31 gbáko, kí ó tó wá di Ààrẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yan ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wò, láti kọ lẹ́tà sí òǹkọ̀wé, àti láti sọ ohun tí a ní kí ó tún ṣe. Ìgbìmọ̀ a máa yí padà lọ́dọọdún. Akọ̀wé kì í yí. Nítorí náà, bí a bá ń wá ibi tí agbára wà nínú ẹgbẹ́ onímọ̀, kí a má wo àga Ààrẹ nìkan. Kí a wo tábìlì tí lẹ́tà ń gbà kọjá.

Èrò wa nípa àtúnṣe 1847 ni pé kò ṣí ilẹ̀kùn; ẹni tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni ó pààrọ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọlọ́lá, ó fi í lé ọwọ́ ọ̀mọ̀ràn. Èrè ńlá ni fún ìmọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ní kí ènìyàn mẹ́fà fọwọ́ sí ìwé ẹni, kí àwọn kan nínú wọn sì mọ ẹni lójúkojú, jẹ́ òfin tí ó rọrùn fún ẹni tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n tàbí Cambridge, tí ó sì le fún ẹni tí ó wà ní ẹ̀yìn òkun. Obìnrin kankan kò wọ ẹgbẹ́ náà títí di 1945.

4. Royal Geographical Society: ẹnu-ọ̀nà gbígbòòrò

Ọ̀nà mìíràn ni Royal Geographical Society gbà. Ní 1830 ni a dá a sílẹ̀; ní 1831 ni ó gba African Association mọ́ra, ẹgbẹ́ kékeré tí Joseph Banks àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dá sílẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ ní 1788, tí ó sì rán Mungo Park lọ wá odò Ọya. Ní 1859 ni ó gba ìwé àṣẹ ọba. Ẹni tí ọmọ ẹgbẹ́ bá dá lábàá, tí ó sì lè san owó, kò nílò láti ṣe ìwádìí kankan kí ó tó wọlé. Láàrin ọdún 1870 sí 1879, iye ọmọ ẹgbẹ́ ti lé ní 2,000: ológun ojú omi, oníṣòwò, òṣèlú, míṣọ́nnárì. Owó pọ̀, èyí sì ni ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè máa rán àwọn arìnrìnàjò lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ó sì máa fún wọn ní ẹ̀bùn.

Ilẹ̀ Yorùbá tètè wọ inú ìwé ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀bùn ọba tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni, ní 1832, Richard Lander ni ó gbà á, ẹni tí òun àti àbúrò rẹ̀ gba Àgbádárìgì wọlé ní 1830, tí wọ́n gba Ọ̀yọ́-Ilé kọjá, kí wọ́n tó tọ odò Ọya dé òkun. Ní 1860, Martin Delany àti Robert Campbell, ènìyàn dúdú méjì tí wọ́n ti Amẹ́ríkà wá sí Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú òkè, jábọ̀ ìrìn àjò wọn níwájú ẹgbẹ́ náà, a sì tẹ ìjábọ̀ wọn sínú ìwé ìpàdé. Ní 1877 ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, kó àkíyèsí rẹ̀ lórí odò Ọya wá. Ní 1880 ni ẹgbẹ́ fi aago wúrà ta á lọ́rẹ. Lọ́dún náà, ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ń jà lọ́wọ́, ọdún méjì sì ni ó ti kọjá tí ogun Jálumi jà ní Ìkìrun, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni irú àyè tí àwọn wọ̀nyí rí. A gbọ́ ẹnu wọn, a tẹ ọ̀rọ̀ wọn, a yẹ́ wọn sí. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ tí ó ń pinnu ibi tí owó yóò lọ, àwòrán ilẹ̀ tí a ó yà, àti ìbéèrè tí a ó rán arìnrìnàjò láti lọ wádìí, Lọ́ńdọ̀n ni ó wà. Ìmọ̀ ń wọlé láti ìta. Ìpinnu ń jáde láti inú.

Ẹnu-ọ̀nà gbígbòòrò náà ní ààlà tirẹ̀, ó sì hàn gbangba ní 1892. Lọ́dún náà, Ìgbìmọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Mountstuart Grant Duff pinnu pé kí obìnrin máa wọlé bí ọmọ ẹgbẹ́. Obìnrin 22 ni wọ́n gbà, Isabella Bird Bishop, arìnrìnàjò olókìkí, sì wà nínú wọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan, pàápàá àwọn ọ̀gá ológun ojú omi, ní Ìgbìmọ̀ kò ní àṣẹ láti dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní oṣù kẹrin 1893, ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́ yí ìpinnu náà dànù. Àwọn 22 tí ó ti wọlé dúró síbẹ̀. A ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn títí di 1913. Grant Duff fi ipò sílẹ̀. George Curzon, tí ó wà lára àwọn tí ó takò wọ́n ní 1893, ni ó wá jẹ́ Ààrẹ nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn náà padà.

Ẹ̀kọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ wa kò dùn mọ́ni. A máa ń rò pé bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá ti dìbò, òdodo ni yóò jáde. Níbí, Ìgbìmọ̀ kékeré ni ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Àwùjọ ńlá ni ó tì í.

5. Ìjà lórí ìmọ̀ nípa ẹ̀yà ènìyàn

Ibi tí ìṣàkóso ti kan ènìyàn dúdú jù lọ ni ọ̀rọ̀ Ethnological Society àti Anthropological Society ti Lọ́ńdọ̀n. Ní 1843 ni a dá ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, láti inú ẹgbẹ́ kan tí ń dáàbò bo àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè. James Hunt, akọ̀wé rẹ̀, ya kúrò ní 1863, ó sì dá èkejì sílẹ̀. Richard Burton, ẹni tí ó ti bẹ Abẹ́òkúta wò ní 1861 tí ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀, wà lára àwọn olùdásílẹ̀. Hunt di Ààrẹ. Lọ́dún náà, ó ka bébà kan tí ó fi ń sọ pé ènìyàn dúdú kò lè bá ènìyàn funfun dọ́gba láéláé.

Ó tún gbé bébà náà lọ sí ìpàdé British Association ní Newcastle ní oṣù kẹjọ 1863. Ìlànà ìpàdé ibẹ̀ yàtọ̀: ẹni tí ó bá wà níjokòó lè dìde sọ̀rọ̀. William Craft dìde, ènìyàn dúdú tí ó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, tí ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dàhọ̀mì dé. Ó fèsì pé bí agbárí ọmọ Áfíríkà bá nípọn lóòótọ́, àánú Ẹlẹ́dàá ni, kí oòrùn má baà sọ ọpọlọ wọn dà bíi ti ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé òde òní. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Nínú ẹgbẹ́ Hunt fúnra rẹ̀, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ì bá má rí ibi tẹ̀.

Ohun tí ó tú ẹgbẹ́ náà ká kọjá èsì Craft. Ní 1868, Hyde Clarke kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Athenaeum pé gbèsè ti kún ọrùn ẹgbẹ́, àti pé iye ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kéde kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń ka àwọn tí kò san owó mọ́ wọn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Hunt kú ní 1869. Ní 1871, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìlàjà tí Thomas Huxley kó ipa ńlá nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì papọ̀ di Anthropological Institute. Ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni John Lubbock, ọmọ Lubbock tí a ti dárúkọ lókè.

Ní 1868 kan náà ni James Africanus Horton, dókítà tí a bí ní Sàró, tẹ ìwé rẹ̀ jáde láti gbèjà ẹ̀yà dúdú. Lójú ewé àkọ́kọ́, ó to àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe lẹ́sẹẹsẹ: ọmọ ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè fún ẹgbẹ́ onímọ̀ ewéko ti Edinburgh, ọmọ ẹgbẹ́ Institut d'Afrique ti Paris, àti àwọn mìíràn. Ẹnì kan lè pe èyí ní fáàrí. Lójú tiwa, àpótí ẹlẹ́rìí ni. Horton mọ̀ pé àwọn tí òun ń bá jà ń fi orúkọ ẹgbẹ́ ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, òun náà sì kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá.

6. Ilé ń kọ́?

Ní 1866, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú náà dá Academy sílẹ̀ láti máa gbé iṣẹ́ ọnà àti sáyẹ́ǹsì ga. Campbell, tí ó ti padà wá tẹ̀dó sí Èkó ní 1862, wà nídìí iṣẹ́ náà. Crowther sì ni bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. A rí i pé àwọn méjèèjì jẹ́ ẹni tí ìwé àwọn ẹgbẹ́ Lọ́ńdọ̀n ti mọ orúkọ wọn tàbí tí yóò mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Wọn kò dúró de kí a fi àga lọ̀ wọ́n ní òkè òkun kí wọ́n tó tẹ́ ẹní nílé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà náà ni àwọn Yorùbá kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ onímọ̀. Àwọn babaláwo ní ìlànà ìwọlé: ọmọ awo a lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ olúwo, àwọn àgbà a sì dán an wò kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n ní oyè, wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, wọ́n ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá da òfin. Bí a bá fi òfin 1847 wé èyí, ìbátan wọn kò fara sin: ẹni tí ó mọ̀ ni ó ń jẹ́rìí sí ẹni tí ó mọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù wà nínú àkọsílẹ̀. Nítorí pé ìwé ìṣirò owó àti iye ọmọ ẹgbẹ́ wà lójú táyé, Hyde Clarke rí ohun tí ó dì mú. Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ nǹkan sílẹ̀ a máa gbẹ́kẹ̀ lé ìwà ọmọlúàbí àwọn àgbà nìkan. Bí ìwà náà bá yẹ̀, kò sí ìwé tí a ó gbé kalẹ̀.

Ìlú Ẹdẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ ìgbà tiwa. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tí ó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 sí 1975, jẹ́ ọba tí ó mọ ìlù lù tí ó sì mọ ìtàn rẹ̀. Ní 1959, ìwé àtìgbàdégbà Odù tẹ iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn ìlù Yorùbá jáde. Kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì. Bí ó bá jẹ́ pé òfin ẹni mẹ́fà tí ó mọ ara wọn ní Lọ́ńdọ̀n ni àwọn olóòtú náà tẹ̀ lé, ìmọ̀ yẹn ì bá dúró sí ààfin. Àwọn olóòtú wo ohun tí ó mọ̀, wọn kò wo ibi tí ó jókòó sí.

7. Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò ní ọ̀nà ìṣàkóso kan ṣoṣo: Royal Society fún ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ kí iyì rẹ̀ lè ga, Royal Geographical Society fẹ̀ ẹ́ kí àpò rẹ̀ lè kún, ẹgbẹ́ Hunt sì parọ́ iye àwọn tí ó gba ẹnu-ọ̀nà tirẹ̀ wọlé. Èkejì, àtúnṣe tí ó lé aláìmọ̀kan jáde kò fi dandan pe onímọ̀ gbogbo wọlé. Òfin kan náà lè ṣe ìkíní kí ó sì dènà ìkejì. Ẹ̀kẹta, ìwé ìṣirò àti àyè láti fèsì ni ó gba ìmọ̀ lọ́wọ́ èké nígbà tí orúkọ ńlá kò lè gbà á.

Àwa náà ní ẹgbẹ́ onímọ̀ tiwa lónìí, a ní ìwé àtìgbàdégbà, a ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò. Bí a bá ń kọ òfin wọn, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá ayàn tàbí oníṣègùn tí ó wà ní Ẹdẹ, tí kò mọ ẹni mẹ́fà ní yunifásítì kankan, lè rí ọ̀nà tí ohun tí ó mọ̀ yóò fi dé ojú ìwé wa pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀. Bí kò bá rí i, a jẹ́ pé ètò 1847 ni a ṣì ń lò, láì jẹ́ pé a jókòó pinnu rẹ̀.